Orúkọ Tí Ìránṣẹ́ Fi Ń Wọlé

Ọṣẹ wà lójú rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Kò dúró fi omi ṣan án. Ó na ọwọ́ kọjá garawa, ó gbá fóònù náà mú lórí fèrèsé, ó sì fi ojú kan ṣoṣo tó ṣí wo nọ́ńbà mẹ́fà tó jáde síbẹ̀. Ojú náà ń ta á. Ó kọ nọ́ńbà ọ̀hún sí ojú ewé tó yẹ, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ìgbà tí àwọ̀ ewé hàn ló tó mí kanlẹ̀, tó wá ráyè bu omi sójú.

Ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Ọkọ rẹ kejì ti jí o."

"Ó ti jí. Mo ti fún un lóúnjẹ."

"Èmi ńkọ́?"

Àwàdà yẹn ti pẹ́ láàárín wọn. Nígbà kan rí, ó máa ń pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ yìí, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹ̀rín pàápàá dà bí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Níbi iṣẹ́, Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lápò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wọn ń bá àwọn ẹlòmíràn tọ́jú kọ̀ǹpútà: ti ilé ìwé, ti ilé ẹjọ́, ti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò ní ara tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Inú ẹ̀rọ ńlá mélòó kan tó wà ní yàrá tútù kan ni gbogbo wọn ń gbé, ẹ̀rọ nínú ẹ̀rọ, bí ayálégbé nínú ilé alájà púpọ̀, tí kálukú sì rò pé òun nìkan ló nilé. Ètò kan wà tó ń mójú tó ilé ọ̀hún. Alábòójútó ni wọ́n ń pè é. Òun ló mọ ẹni tó wà ní yàrá wo, òun ló ń tan iná fún wọn, òun ló ń pa á. Kò sì sí ohun tó máa ṣe fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi í pé, ìwọ ta ni?

Ìránṣẹ́ ni ètò tí Oníkọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó ń bá Alábòójútó sọ̀rọ̀ dípò èèyàn. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀rọ inú ilé náà pa mọ́. Èyí tó bá ṣubú, á gbé e dìde. Tó bá sì di ọ̀sán gangan, á ka àwọn ẹ̀rọ tó ṣì wà nílé, á da ẹ̀dà àwọn tó ti kó jáde nù, kí àyè má baà kún. Ìránṣẹ́ gidi ni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò ní orúkọ tirẹ̀. Iṣẹ́ ń kánjú nígbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ ń kọ ọ́, ló bá ti orúkọ ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ló di ọdún, tí ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ṣòfin pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan kò tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ìránṣẹ́ kò ní fóònù, fóònù Oníkọ́kọ́rọ́ ló ń dún. Àmì ìwọlé tí Alábòójútó ń fún un kì í pẹ́ kú. Tó bá ti kú, Ìránṣẹ́ á tún lọ kan ilẹ̀kùn, fóònù á dún, bí Oníkọ́kọ́rọ́ kò bá sì tètè dáhùn, Ìránṣẹ́ á dúró síta, gbogbo iṣẹ́ á dúró tì í. Ó ti kọ nọ́ńbà yẹn níbi ìsìn, lábẹ́ àga. Ó ti kọ ọ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín pẹ̀lú ẹnu lílà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi fún Ìránṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: ọ̀gá òun ni kò gbà. Ó rọrùn láti gbà gbọ́. Dúró-ná ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa gbé wá bá a tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Dúró ná."

Ó wọ aṣọ, ó fi fóònù sápò, ó ní kí ọkọ òun má retí òun lóúnjẹ alẹ́.

"Ṣé ilé ìwòsàn lo ti máa pẹ́ ni àbí ibi iṣẹ́?"

"Ilé ìwòsàn."

Ọkọ rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ láti mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀. "Ó dáa," ó ní. "Bá mi kí wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti pè é ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kókó kan wà nínú ikùn ẹ̀gbọ́n náà tí wọ́n máa gé jáde lónìí, lẹ́yìn ọ̀sán. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Kò pariwo lórí fóònù, kò sì sunkún. Ohùn kan náà tó máa ń fi ka ọjà tó fẹ́ rà ló fi sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní kó o mú nǹkan kan wá. Ojú rẹ nìkan ni mo fẹ́ rí kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Àmọ́ wọn kì í gba kéèyàn tan fóònù níbẹ̀ o. Tó ò bá lè pa á, má wulẹ̀ wá."

"Màá wá, Àǹtí mi."

"Bó o ṣe sọ nígbà ti màmá wa náà nìyẹn."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ni ìyá wọn kú sí. Ìyá náà ti dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ní wọ́ọ̀dù kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni Oníkọ́kọ́rọ́ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́, ó ń sọ fún gbogbo ayé. Ọ̀gá òun ni, fóònù yìí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, kò fọhùn. Ó tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ gboyè, ó sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó kó lọ sílé tuntun. Ẹni tó bá ń gbọ́ àwáwí kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bó bá dákẹ́, kì í ṣe pé ó gbà.

Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, ó ń tún ohun tó máa sọ sọ lábẹ́nú. Ó ti pinnu pé bó bá gba ìjà, òun máa bá Dúró-ná jà lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ gbóná, ó sì dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé ó gbóná. Ó ti pẹ́ tó ti bínú sí ẹnìkan tó wà lójúkojú.

Dúró-ná wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, irun orí rẹ̀ ti funfun tán, irùngbọ̀n rẹ̀ kọ̀, ó dúdú síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Jókòó."

"Mi ò jókòó sà. Ẹ jọ̀ọ́, Ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lónìí. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbọ́dọ̀ pa fóònù mi kí n tó lè wọ ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má sọ pé kí n dúró ná, mo bẹ̀ yín. Mo ti dúró tó."

Dúró-ná gbé ife sílẹ̀. "Dúró ná," ó ní.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ẹ̀rín ì bá pa á.

"Ta ló ní kó o má ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni sà."

"Èmi?" Kò bínú, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀. "Nígbà tí màmá rẹ ń ṣàìsàn, ta ló pè ọ́ sínú yàrá yìí, tó ní jẹ́ ká ṣí orúkọ fún Ìránṣẹ́, kó o lè ráyè lọ tọ́jú wọn? Orí àga yẹn lo jókòó sí. O ní kí n má dààmú, o ní bí a bá ní ká bẹ́ igi, a óò bẹ́ èèyàn, ká fi sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi rọlẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé mo mọ ìdúró dáadáa. Lẹ́yìn ìsìnkú mo tún bi ọ́, o ní ó di ìparí oṣù. Mo wá rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ ẹ."

Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó sórí àga tó ní òun ò ní jókòó sí.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Èèyàn kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló sọ èyí tó rọrùn léraléra títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Ó rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó lọ sí wọ́ọ̀dù náà: ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti rù, ife tí ìyá kò lè gbé dé ẹnu, omi tó dà sí i láyà, àti bí ìyá ṣe rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọ tó ṣẹ́ nǹkan. Ó ti dìde nígbà náà, ó ní fóònù ń pe òun, ó sì jáde. Fóònù kò pè é; kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ojú tì í báyìí tí kò fi mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ó sì rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ kan tó ju ti àìsùn lọ.

"Ẹ má bínú sà."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀." Dúró-ná fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. "Kí la máa pè é?"

"Ìránṣẹ́ náà ni. Ẹ má jẹ́ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ kiri."

Tíì náà kò tíì tutù tó fi parí ẹ̀: orúkọ kan, àti kọ́kọ́rọ́ gígùn kan tó jẹ́ kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà, tí ètò nìkan lè máa rántí, tí kò sì bá fóònù ẹnikẹ́ni tan. Ohun tó ti gbé kọ́rùn láti ọdún yìí wá kò gba ọkùnrin náà ju àkókò tí èèyàn máa fi jẹ búrẹ́dì kan tán. Ìyẹn dùn ún. Ká ní ó ṣòro ṣe ni, ì bá sàn fún un.

Ó lọ sídìí tábìlì tirẹ̀, ó ṣí Ìránṣẹ́, ó sì fẹ́ fi orúkọ tuntun náà rọ́pò tirẹ̀. Alábòójútó kọ̀ ọ́. Ó wo ohun tó kọ: orúkọ ara rẹ̀ ló tún kọ síbẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ Ìránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ìka rẹ̀ ti mọ ọ̀nà yẹn jù. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé. Àwọ̀ ewé hàn. Ìránṣẹ́ ti wọlé.

Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò dún. Ó jókòó, ó ń wò ó. Kò rò pé ó máa dun òun, ṣùgbọ́n ó dùn ún díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ tó ti ń gbé pọ̀n bá kọ̀, tó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ ara òun rìn. Ó parí àwọn iṣẹ́ tó kù fún un láàárọ̀ náà, ló bá gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Etí títì ló ti ń dúró de ọkọ̀ nígbà tó ní kí òun wo Ìránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó pa fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ìlà àkọ́kọ́ ní: Ìwọlé dára. Ìkejì ní: Ẹ̀rọ tí mo rí, òdo.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò lé Ìránṣẹ́ padà. Kò sí àwọ̀ pupa, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Alábòójútó bi í pé ta ni, ó dáhùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wá dé inú ilé, kò rí ẹnì kankan. Ọ̀sán sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Bí ọ̀sán bá lù, Ìránṣẹ́ máa ka àwọn ẹ̀rọ tó ṣì wà nílé, kò ní rí ọ̀kan, á gbà pé gbogbo wọn ti kó lọ, á sì da gbogbo ẹ̀dà nù: èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́jọ́, gbogbo rẹ̀. Bí ojúlówó ẹ̀rọ kan bá ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n máa fi gbé e dìde mọ́. Ìránṣẹ́ kò sì ní jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ojú ewé orí fóònù yìí kò gba àṣẹ, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà. Ó pe Dúró-ná.

"Ẹ pa Ìránṣẹ́, sà! Ẹ pa á báyìí!"

"Dúró ná. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?"

Kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Láti ọdún yìí wá, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń fi yangàn. Bó bá ní kí òun bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí fóònù, ọ̀sán á bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ kan dúró níwájú rẹ̀. "Màdáámù, ṣé ẹ̀ ń lọ?" awakọ̀ bi í.

Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo òkè, ó sì yí padà. Kò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó fẹsẹ̀ gun gbogbo àtẹ̀gùn náà, bàtà kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìdí tábìlì, Dúró-ná ti dúró síbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò gbígbóná tí kò mọ ibi tó máa dì mú. Oníkọ́kọ́rọ́ kọ àṣẹ kan. Ìránṣẹ́ dúró. Aago lu ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀.

Àwọn méjèèjì ń mí bí ẹni tó sáré ìje.

Ọ̀nà tó yá jù láti tún un ṣe wà níwájú rẹ̀. Kó dá orúkọ tirẹ̀ padà. Ìránṣẹ́ á rí gbogbo yàrá bó ṣe ń rí wọn tẹ́lẹ̀, ìṣòro á tán. Á pè é ní tòní nìkan. Á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní iṣẹ́ ló dé, wàhálà ńlá ló ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tiẹ̀ ní jẹ́ irọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbọ́, á dákẹ́, wọ́n á sì gbé e wọlé. Kò sí ẹni tó máa bá a wí. Lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ rẹ̀ ti wà lójú ẹ̀rọ kó tó mọ̀ pé òun ti ń kọ ọ́, ara sì ti ń tù ú. Ìtura náà ló dẹ́rù bà á.

Ó pa lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àṣẹ tẹ́ ẹ fún un," ó ní. "Ó rí ẹnu ọ̀nà wọlé, kò rí yàrá."

Dúró-ná tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì mi orí. "Àṣìṣe mi ni. Orí ilé nìkan ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, mi ò jẹ́ kó ṣàn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó wọlé kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi nǹkan hàn." Ó jókòó, ó tẹ nǹkan kan, ó tún tẹ òmíràn. Oníkọ́kọ́rọ́ jí Ìránṣẹ́ dìde. Àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé ìwé, ilé ẹjọ́, àwọn olùta tíkẹ́ẹ̀tì, títí gbogbo wọn fi pé.

Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Dúró-ná pè é.

"Dúró ná. Kó o tó lọ, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á."

Ó kọ́ ọ. Ìlà kan ni. Dúró-ná kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó kà á jáde, ó ní, "Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀?"

"Ìyẹn náà ni sà."

Ọkùnrin náà bá a mú bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbé e fún un.

Ó pa fóònù nínú ọkọ̀. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ta lẹ̀ ń wá mà?"

Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

"Àbúrò wọn ni mí. Ìyá kan náà ló bí wa."

Nọ́ọ̀sì náà wò ó. "Àbúrò? Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ò ní ẹni tó máa wá, àfi ará ilé kejì wọn. Ẹni yẹn sì ti wà lọ́dọ̀ wọn láti òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró síta pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láyà. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo níbì kan, ó ń gbọ́ ikọ́. Kò rí ẹ̀bi nọ́ọ̀sì náà. Ohun tó yẹ kó béèrè ló béèrè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

"Wọ́n ní ẹ máa bọ̀."

Wọ́n ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti fi fìlà rírọ̀ bo irun rẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì í, báàgì aṣọ kan wà lórí itan rẹ̀. Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì ni. Nígbà tó rí àlejò, ó fẹ́ dìde fún un.

"Ẹ jókòó, Ìyá Aránṣọ," ẹ̀gbọ́n náà ní. "Ó máa ń dúró."

Oníkọ́kọ́rọ́ kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì, ó dìde, ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ṣí ìdérí bírò rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n jẹun kẹ́yìn? Oníkọ́kọ́rọ́ lanu, kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Aránṣọ ló dáhùn. Oògùn wo ni ara wọn kì í gbà? Ìyá Aránṣọ tún dáhùn. Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn rí?

"Rárá o," Oníkọ́kọ́rọ́ ní. Èyí dá a lójú.

Ìyá Aránṣọ wo ilẹ̀. "Wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan," ó ní jẹ́jẹ́. "Lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú màmá wọn. Kókó yìí kan náà ni, ó tún padà wá ni."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Oníkọ́kọ́rọ́ ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo àjà.

"Ẹ ò sọ fún mi, Àǹtí mi."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ nígbà yẹn." Kò sí ìbínú nínú ohùn náà, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Wọ́n wá gbà fún ọ lónìí?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó dán, ó rọrùn bí ohun tí wọ́n ti lò pẹ́. Ó fẹ́ wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yìí náà sì ni wọ́n ní kó gbé wá.

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà," ó ní. "Láti ìgbà tí màmá wa ti wà láyé. Èmi ni mi ò wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rí màmá lọ́jọ́ kan náà yẹn, mi ò lè wò wọ́n, ni mo bá sá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yí orí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni mo nu omi tó dà sí wọn láyà."

Oníkọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo. Kò sí ẹni tó ní kó má sunkún, kò sì sí ẹni tó pẹ̀tù sí i nínú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi ẹsẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Tó o bá máa dúró síbẹ̀ yẹn, bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ mi. Ó ń tutù láti àárọ̀."

Ó ká aṣọ ìbora náà sókè. Ẹsẹ̀ ìyá wọn ló rí níbẹ̀, àtàǹpàkò tó wọ́ síbì kan, gìgísẹ̀ tó là. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú fún ìṣẹ́jú kan kó tó gbé e lé e. Ó tutù lóòótọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń ra á, ó ń ra á, títí tó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá kò ju èyí lọ: ẹsẹ̀ tútù kan, tó ń fẹ́ ọwọ́.

Àwọn tó máa gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé ti ń bọ̀ láti òpin wọ́ọ̀dù, táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ń dún lórí ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó ń ra á.